Ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀: ṣé pákó lẹ máa rà àbí fáíbà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ílọrin tẹ́ ẹ fẹ́ fowó sí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Jẹ́bà tàbí Pategi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kówó tó kúrò lápò yín, torí ọdún témi àti àna mi pawọ́ pọ̀ ra ọkọ̀ fáíbà (fiberglass) tòkunbọ̀ n'Ékòó, ojú lásán la fi rà á, ó ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, a gbé e sórí tírélà ó di Jẹ́bà, ọjọ́ kẹta tá a so ẹ̀ńjìnì mọ́ ọn ni pátákó ìdí ẹ̀ tí ẹ̀ńjìnì ń rọ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Igi inú ẹ̀ ti jẹrà tipẹ́, fáíbà ló bò ó mọ́lẹ̀.

Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn. Tó bá jẹ́ iṣu, ìrẹsì, ẹja, ewúrẹ́ lẹ fẹ́ máa kó lọ sọ́jà, pákó ni kẹ́ ẹ rà. Kì í yá bíi fáíbà, ó sì wúwo, àmọ́ káfíńtà Tápà tó wà létí omi lè yọ pákó kan kó fi òmíì sí i, kó fi òwú dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, kó fi ọ̀dà kùn ún, ọkọ̀ ti wọ omi padà nìyẹn. Fáíbà tó bá gbá kùkùté tàbí àpáta, àpáta sì pọ̀ ní Jẹ́bà, rẹ́síìnì, ìyẹn oje tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, àti aṣọ fáíbà lẹ máa wá kiri kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ̀. Èrò tó ń kánjú nìkan ni mo lè torí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ ra fáíbà, torí ó fúyẹ́, ẹ̀ńjìnì kan náà máa gbé e sáré ju pákó lọ.

Tẹ́ ẹ bá lọ wo pákó, ẹ mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó dání. Ẹ fi gún ibi tí omi máa ń dé lára ẹ̀ àti ìdí ìṣó kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀bẹ bá wọlé bí ìgbà téèyàn gún ẹ̀kọ, ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sá torí pé ó ń jò o. Pákó tó ti wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ìpàdé ẹ̀ á là, ẹ ní kí wọ́n rì í sómi mọ́jú, igi á mumi, á wú, á sì pa ojú ẹ̀ dé. Tó bá di àárọ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń fi igbá gbọ́n omi láìdúró, ìyẹn ò dáa.

Fáíbà ní tiẹ̀, ẹ fi ìdí sikurú-dírábà kàn án látorí dé ìdí. Èyí tó dáa máa dún kó, kó, kó, ibi tó ti bàjẹ́, ohùn ẹ̀ máa kú, kò ní dún ketekete. Ẹ wá di ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnì mú, kẹ́ ẹ tì í sókè sódò, kí ẹnì kejì yín máa wo pátákó ìdí. Ohun témi ò ṣe nìyẹn. Ẹ tún béèrè bóyá fóòmù wà lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, torí pákó tómi kún inú ẹ̀ sábà máa ń léfòó, fáíbà tí ò ní fóòmù, ìsàlẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ̀ńjìnì ló ń jẹ owó jù. Yamaha 40, ìyẹn agbára ẹṣin 40, tó ń lo ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ó lè mu 15 sí 20 lítà ní wákàtí kan, Yamaha 15 ò ní mu tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀ yín. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnì kí wọ́n tó tan án, tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ dúró kó tutù. Omi tó ń tú lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹ tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ wò, tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Kí mẹkáníìkì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣàn, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún atẹ́gùn pọ̀, kó má yàtọ̀ ju 10% láàárín sílíńdà. Ẹ tún wọn pátákó ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnì kúkúrú fún 15 íǹṣì, gígùn fún 20.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé èrò, kó rántí pé ní June 2023, ní àgbègbè Pategi, ọkọ̀ pákó tó kó àwọn tó ń bọ̀ látibi ìgbéyàwó dà nù lóru, èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ ka owó láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ owó ọkọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan, atukọ̀ náà wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ìgbì kékeré ti ń fọ́n omi wọlé, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara ẹ̀ńjìnì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sínú rìsíìtì. Tí wọ́n bá ti ha á kúrò lára ẹ̀, ẹ má rà á.