Bí A Ṣe Ń Fi Páálí Kọ́ Ọmọ Girama Ní Bí DNA Ṣe Rí

Bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ bàólọ́jì bá kan DNA, ìyẹn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ fi ń jogún àbùdá òbí rẹ̀, àwòrán àkàsọ̀ tó lọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sójú bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé, á sì dára lójú. Àmọ́ lẹ́tà mẹ́rin, A, T, G àti C, la fi ń pe àwọn ègé tó ń so pọ̀ láàárín rẹ̀; ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ègé A kì í fi í bá ègé G so pọ̀, gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ fi àwòrán yẹn sẹ́yìn. Ẹ kó ègé rẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n fúnra wọn tò ó títí wọn ó fi rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣeé tò. Píríọ́dù méjì ló ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe é á sáré kọjá ibi tó dùn jù.

Ẹ wá páálí ọjà, àlùmọ́gàjí, rúlà, gọ́ọ̀mù, máákà àwọ̀ mẹ́rin, àti okùn méjì tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ.

1. Ẹ fi iye bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé nínú DNA ènìyàn, A jẹ́ bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, T bí 30, G bí 20, C bí 20. Ẹ kọ ti bakitéríà E. coli sí abẹ́ rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí 25. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ kàn ní kí wọ́n wá ohun tó bára mu. Kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé A àti T ń dọ́gba, G àti C náà ń dọ́gba. Ohun tí Erwin Chargaff ti Yunifásítì Columbia ní New York tẹ̀ jáde ní 1950 nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó dárúkọ wọn: adenine, thymine, guanine, cytosine. Bésì ni a ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

2. Ẹ gé bésì

Ẹ jẹ́ kí nánómítà kan di sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Fífẹ̀ DNA jẹ́ nánómítà 2, ó já sí sẹ̀ǹtímítà 20.

Bésì A àti bésì G ní òrùka méjì (átọ́ọ̀mù tó so yípo ni òrùka), nítorí náà ẹ gé wọn ní sẹ̀ǹtímítà 6.5. T àti C ní òrùka kan, kí tiwọn jẹ́ 4.5. Ẹ gé eyín méjì sí ẹnu A, kí ẹ sì gé ihò méjì tó gba eyín náà sí ẹnu T. Eyín mẹ́ta ni ti G, ihò mẹ́ta ni ti C. Eyín yìí ló dúró fún ìdè háídírójìn, ìyẹn agbára díẹ̀ tó ń fa bésì méjì mọ́ra: méjì láàárín A àti T, mẹ́ta láàárín G àti C.

Ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dán an wò, kí ẹ má tètè dá sí i. Bí ọmọ kan bá so A mọ́ G, eyín á kọlu eyín, gígùn rẹ̀ á sì di 13. T àti C kò ní ju 9 lọ. Onírùka méjì pẹ̀lú onírùka kan nìkan ló ń jẹ́ 11, iye eyín àti ihò ló sì ń jẹ́ kí A bá T lọ, kí G bá C lọ; ìyẹn ni fífẹ̀ DNA kì í fi í yí padà láti òkè délẹ̀. Páálí gan-an ni James Watson gé ní Cambridge ní February 1953 nígbà tó ń wá bí bésì ṣe ń so pọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ó máa ń wú wọn lórí.

3. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì

Súgà àti fósífétì ló ń to ara wọn di ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ náà, èyí tí okùn dúró fún. Ẹ gé súgà ní onígun márùn-ún, fósífétì ní róbótó. Ẹ kọ O (ọ́síjìn) sí igun òkè súgà, kí ẹ kọ 1, 2, 3, 4 sí igun yòókù bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Átọ́ọ̀mù kábọ̀nù ni àwọn nọ́ńbà yìí dúró fún. Ìkarùn-ún wà níta, ó so mọ́ ìkẹrin. Bésì ń so mọ́ 1. Fósífétì ń so 5 súgà kan mọ́ 3 súgà tó tẹ̀ lé e.

Ibí yìí ni ìdánwò ti ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n to súgà apá òsì kí O kọjú sókè. Bésì á kọjú sí àárín. Kí wọ́n wá to apá ọ̀tún bákan náà. Bésì á kọjú síta! Kí nọ́ńbà má bàa farapamọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ dojú páálí dé, torí náà ohun tó kù ni pé kí wọ́n yí súgà náà kí O kọjú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí okùn kan fi ń lọ sókè tí èkejì fi ń lọ sílẹ̀.

4. Ẹ lọ́ ọ

Bésì méjì tó wọ ara wọn, pẹ̀lú súgà àti fósífétì wọn, ni ìdábùú kan. Ẹ lẹ ìdábùú mọ́kànlá mọ́ okùn méjèèjì, kí àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Ó wá di àkàsọ̀ tó gùn tó 70. Inú omi ni DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Súgà àti fósífétì ń bá omi rẹ́, bésì kò bá a rẹ́, nítorí náà àwọn bésì ń fún mọ́ra kí omi má ráyè wọlé. Okùn kò sì lè kúrú. Ẹ bi wọ́n pé kí ni kó ṣe?

Ẹ na àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí ẹ ká ìka yòókù. Ibi tí ìka ká sí ni kí ẹ yí orí àkàsọ̀ náà sí, títí yóò fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìdábùú á súnmọ́ ara wọn dé 3.4, gbogbo rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí bí 34. Àwòrán tó lọ́ sí òdìkejì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó.

Sẹ̀ǹtímítà 34 yẹn, ìyẹn nánómítà 3.4 fún ìyípo kan, wá láti inú àwòrán X-ray. Rosalind Franklin àti Raymond Gosling ya èyí tó lókìkí jù ní King's College London ní May 1952. Maurice Wilkins, tí òun náà wà ní King's, fi í han Watson, Franklin kò mọ̀. Watson àti Francis Crick tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ iṣẹ́ wọn lórí bí DNA ṣe rí jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì Nature ní April 25, 1953, àwọn méjèèjì àti Wilkins sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Franklin ti kú ní 1958.

5. Ẹ yí lẹ́tà kan padà

Ẹ ní kí wọ́n to GAG sí apá kan, kí wọ́n yọ A àárín, kí wọ́n fi T rọ́pò rẹ̀. Kò ní wọ ẹ̀gbẹ́ kejì àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ T tó wà níbẹ̀ sí A. Ìyípadà yìí gan-an, lórí kúrómósómù 11 (ọ̀kan nínú àwọn òwú DNA inú sẹ́ẹ̀lì), ló ń fa àìsàn sickle cell bí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Àwọn ọmọ mọ AS àti SS dáadáa, wọ́n sì máa ń rò pé A inú AS ni adenine. Hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ni A yẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe bésì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: bí A bá jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ni G? Ìdáhùn ni 28. Ẹni tó bá kọ 22, ẹ gbé A àti G fún un kó tún gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀.