Bí A Ṣe Ń Pín Dísìkì Méjì fún RAID 1 Nígbà Tí A Bá Ń Gbé Debian Sórí Kọ̀ǹpútà

Ní Sábó, Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í jẹ́ kí dísìkì pẹ́ láyé. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn oníbàárà tí gbogbo iṣẹ́ wọn wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo pé kí wọ́n jẹ́ kí n so dísìkì méjì pọ̀ ní RAID 1. Ohun tí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà; Debian jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀) bá kọ sórí ọ̀kan, yóò kọ ọ́ sórí èkejì bákan náà, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ bá fọwọ́ ara yín pa rẹ́ yóò parẹ́ lórí méjèèjì, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ohun tó wà lórí àwọn dísìkì náà kúrò, nítorí pípín yóò pa á rẹ́. Dísìkì méjì tí wọ́n kọ 1 TB sí lára lè má dọ́gba bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n bá yàtọ̀. Èyí tó kéré ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi nǹkan bíi 100 MB sílẹ̀ ní ìparí rẹ̀, kí èyí tí ẹ óò rà lọ́jọ́ iwájú lè bá a mu.

Ẹ fi fíláàṣì Debian tan ẹ̀rọ náà. Ní “Partition disks”, ẹ mú “Manual”, kí ẹ sì ṣe tábìlì ìpín tuntun sórí sda àti sdb (orúkọ tí Linux fún dísìkì àkọ́kọ́ àti èkejì; nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé e, bíi sda2, ń tọ́ka sí ìpín). Lórí ẹ̀rọ tó ń lo UEFI (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú Debian nígbà tí a bá tan án), ìpín mẹ́ta ni mo máa ń gé lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 512 MB, “EFI System Partition” (ibi tí UEFI ti ń rí ètò tó ń gbé Debian dìde) ni a ó sì fi ṣe. Ìkejì jẹ́ 4 GB fún swap (àyè orí dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́), ìkẹta sì ni ìyókù. Àwọn méjèèjì yìí ni a ó yàn ní “physical volume for RAID”. Bí ẹ ṣe gé sda gan-an ni kí ẹ gé sdb. Àwọn kan máa ń fi swap sórí dísìkì kan lásán, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí bí dísìkì yẹn bá kú lójú iṣẹ́, àwọn ètò tó ń lo swap náà lè kú pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú “Configure software RAID”, “Create MD device”, àti “RAID1”. Ẹ kọ 2 fún dísìkì tó ń ṣiṣẹ́ àti 0 fún àfipamọ́, kí ẹ sì sàmì sí sda2 àti sdb2. Ẹ ṣe bákan náà fún sda3 àti sdb3. Ẹ sọ md0 (àkópọ̀ àkọ́kọ́) di swap, kí ẹ sì sọ md1 (àkópọ̀ kejì) di ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì) tí a gbé sí “/” (ibi tí gbogbo fáìlì Debian ti bẹ̀rẹ̀).

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyí. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà tí mo kọ́kọ́ ṣe báyìí pàdánù dísìkì àkọ́kọ́. Àwòrán rẹ̀ pé pérépéré lórí èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kọ̀, kò tàn, nítorí orí sda1 nìkan ni GRUB, ètò tó ń gbé Debian dìde, wà. RAID kì í da ìpín EFI kọ. Nígbà tí Debian bá ti wọlé tán, ẹ kọ́kọ́ fi “findmnt /boot/efi” wò ó pé sda1 ni Debian ń lò. Bí ó bá jẹ́ sdb1, ẹ yí àwọn orúkọ dísìkì inú àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àṣẹ root (alábòójútó ẹ̀rọ) ṣe èyí:

mkfs.vfat -F 32 /dev/sdb1
mount /dev/sdb1 /mnt
cp -r /boot/efi/EFI /mnt/
efibootmgr -c -d /dev/sdb -p 1 -L debian2 -l '\EFI\debian\shimx64.efi'

Nínú /etc/fstab (fáìlì tó sọ àwọn ìpín tí Debian yóò lò nígbà tó bá ń tàn), ẹ fi “nofail” kún ìlà /boot/efi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Debian yóò máa dúró de dísìkì tó ti kú, kò sì ní wọlé bó ṣe yẹ. Nígbàkúùgbà tí GRUB bá gba àtúnṣe, ẹ tún ẹ̀dà náà ṣe.

Ẹ ka /proc/mdstat, níbi tí Linux ti ń sọ ipò RAID. Nígbà tí ìdápọ̀ bá ti parí, tí [UU] (dísìkì méjèèjì ń ṣiṣẹ́) sì hàn fún md0 àti md1, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ wáyà dísìkì àkọ́kọ́, kí ẹ sì tan án. Bí ó bá wọlé, ẹ óò rí [_U] (dísìkì àkọ́kọ́ kò sí). Ẹ pa á, ẹ dá wáyà padà, kí ẹ sì fi “mdadm /dev/md1 --add /dev/sda3” àti “mdadm /dev/md0 --add /dev/sda2” dá a padà sínú ẹgbẹ́, kí ẹ máa wò ó títí [UU] yóò fi tún hàn. Èmi kì í gbé ẹ̀rọ fún oníbàárà kí n tó ṣe ìdánwò yìí.