Bí A Ṣe Ń Kó Ọmọdé Lọ sí Ọgbà Ìgbafẹ́ Ńlá Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Púpọ̀ nínú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn la ń kó ọmọ lọ bí ọlidé bá dé. Àwọn kan á lọ sí ọgbà Agodi, àwọn kan á lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn mìíràn á gba ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní Bódìjà lọ. Ibi yòówù kí ẹ mú, iṣẹ́ kan náà ni. Owó ìwọlé kọ́ ló ń ba ìrìn náà jẹ́, oúnjẹ kọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọmọ máa ń pọ̀ ju àgbà tí yóò wò wọ́n lọ, àti pé àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ kì í bára wọn ṣe àdéhùn kan kí wọ́n tó gbéra. Ibẹ̀ ni n ó ti pẹ́ jù nínú àlàyé yìí.

Ẹ kọ́kọ́ ka orí. Àgbàlagbà kan sí ọmọ méjì, bí àwọn ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún méje. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn wà nínú kíkà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe àgbà lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó gbọ́n tó, torí bó bá ti rí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi kọ lu ara wọn, òun náà ti di ọmọdé nìyẹn. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò àti ọmọ aládùúgbò bá ti kún un, ẹ sọ fún àwọn òbí wọn pé kí ẹnì kan nínú wọn bá yín lọ. Ó lè ṣe yín bíi pé ẹ ń ṣahun. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọdún gan-an. Ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀, èrò kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí ilẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú láàrin ọlidé ni mo máa ń mú. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ fi fóònù pe ọgbà náà, kí ẹ bi wọ́n pé ẹ̀rọ wo ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ ilé wọlé, ṣé ibi omi ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá béèrè, ẹnu géètì ló ti máa ń gbọ́, ibẹ̀ ni ọmọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ tún wọn gíga àwọn ọmọ nílé. Téèpù télọ̀ ti tó. Ẹ fi ẹ́fun sàmì sára ògiri. Àwọn ọgbà ńlá máa ń fi ìwọ̀n gíga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ tó ń sáré. Space Mountain, ẹ̀rọ kan tó ń sáré ní ọgbà Disney ní Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò bá ga tó 112 sẹ̀ǹtímítà kò gbọdọ̀ gùn ún. Irin tí wọ́n fi ń há èèyàn mọ́ ìjókòó ló fà á: ara àgbà àti ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ kékeré lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ má bẹ òṣìṣẹ́ kó ṣojú àánú, ẹ má sì wọ bàtà gíga fún ọmọ láti fi tan òpó ìwọ̀n jẹ. Ẹ sọ fún un láti ilé pé èyí tó ń sáré yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ọmọ má baà sọnù

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí ìyá mẹ́ta kó ọmọ mẹ́wàá wọlé, kí kálukú máa rò pé ẹnìkejì òun ló di ọmọ kan mú. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ọmọ dà, gbogbo wọn á wo ara wọn lójú.

Aṣọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ẹ̀gbẹ́jọdá fún òde ìyàwó. Ẹ lò ó fún èyí náà. Ẹ ra áńkárá kan tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, kí télọ̀ fi rán bùbá penpe fún gbogbo wọn. Èmi ò kúrò lórí yẹ́lò, torí ojú máa ń tètè rí i láàrin èrò. Bí owó kò bá sí, aṣọ ìdárayá iléèwé wọn ti tó, bí ẹ bá ti rí i pé àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Kí ẹ tó wọlé, ẹ tò wọ́n sẹ́nu géètì, kí ẹ yà wọ́n ní fọ́tò láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkàn tó bá ti dàrú kì í rántí àwọ̀ bàtà ọmọ. Fọ́tò á rántí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì sórí pílásítà tí wọ́n fi ń di ojú egbò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apá ọmọ lábẹ́ aṣọ. Bírò tí wọ́n fi kọ ọ́ sára lásán, òógùn á pa á rẹ́ kó tó di ọ̀sán. Nọ́ńbà méjì ni mo wí, torí bátìrì fóònù tiyín lè kú. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí àyà tàbí ẹ̀yìn aṣọ níbi tí gbogbo ayé á ti kà á. Àjèjì tó bá pe ọmọ lórúkọ ti di ojúlùmọ̀ lójú ọmọ náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ni kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ju Mọ́mì lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ tí gbogbo Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí mọ̀, ta ló mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn? Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn náà, bí ẹ bá ń wẹ̀ fún un lálaalẹ́, ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ lórin: orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, ìlú tó ti wá. Kó tún mọ̀ pé bí òun kò bá rí wa mọ́, kí òun dúró sójú kan náà, kí òun má wá wa kiri. Bó bá sì ti dúró pẹ́, kó lọ bá òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́, tàbí ìyá kan tó kó ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ lo oríkì ọmọ náà. Ẹ sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá ní Mọ́mì ló rán òun wá mú un, kó bi í pé, “Kí ni oríkì mi?” Ẹni tí kò bá lè dáhùn, a kò rán an. Àkànbí àti Àbẹ̀kẹ́ á gbá èyí mú kíákíá, wọ́n á sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ẹ má ṣe kígbe oríkì náà nínú ọgbà, kí ìyá àgbà tó bá bá yín lọ náà má sì kì wọ́n síta títí ẹ ó fi padà délé.

Ìgbà tí ọmọ ń sọnù kì í ṣe ìgbà tí a ń rìn. Ìgbà tí a bá dúró ni: a ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, a ń ya fọ́tò, ẹnì kan ń fọ́mọ lọ́mú, ẹnì kan ń ṣe àlùwàlá, a ń tú kúlà oúnjẹ. Torí náà, ẹni tó ń sanwó kò gbọdọ̀ di ọmọ kankan mú. Kó tó lọ, kó fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu: “Kúnlé ti bọ́ sọ́wọ́ yín o.” Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé, “Ó ti wà lọ́wọ́ mi.” Bí kò bá dáhùn, Kúnlé ṣì wà lọ́rùn yín. Orí mímì kò tó, torí ẹni tó ń mi orí lè máa dáhùn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí fóònù. Ìyàwó ilé tó ń tijú àtisọ èyí fún ìyá ọkọ rẹ̀, kó rọra fi ìkúnlẹ̀ sọ ọ́: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín ni mo fi Kúnlé sí o.” Kó má lọ títí wọ́n á fi dáhùn.

Bí a bá wá wá ọmọ kan tì, ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín túká. Àgbà kan á kó àwọn ọmọ yòókù jókòó sójú kan. Ẹnì kan á sáré lọ sí géètì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ, kó sì dúró níbẹ̀. Ẹnì kan á lọ tààrà síbi omi. Géètì àti omi ló ṣáájú ibi gbogbo, torí ohun tó lè ṣe ọmọ níbòmíràn kò yá kánkán bíi tàwọn méjèèjì yìí. Bí ẹ bá ń kígbe, ẹ kígbe àpèjúwe: “Ọmọkùnrin, ọdún mẹ́rin, bùbá yẹ́lò!” Èrò kò mọ Kúnlé, wọ́n mọ bùbá yẹ́lò. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ má nà án. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹgba ń dúró de òun á sá pamọ́ bó bá gbọ́ ohùn yín, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn pẹ̀lú.

Ìrìn àti oúnjẹ

Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ń rin bí ìdajì rẹ̀. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, torí bí tírélà bá ti há ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ní àkàrà olóróró àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kó tó wọkọ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ ti tó. Èyí tó máa ń bì nínú ọkọ̀, ẹ gbé e sápá iwájú, kó máa wo ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, kó sì mú èèpo ọsàn lọ́wọ́ kó máa gbóòórùn rẹ̀. Ẹ kó ọ̀rá dání.

Fún oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni mo fara mọ́ ju ìrẹsì lọ: kò ní dà sára bùbá, kò sì nílò ṣíbí. Ẹ sọ omi inú ọ̀rá di yìnyín láti alẹ́ àná, kí ẹ tò ó sínú kúlà. Òun ló máa mú oúnjẹ tutù, òun lẹ ó sì mu lọ́sàn-án. Ẹ má gbàgbé póò ọmọ, ẹ fi í sínú ọ̀rá dúdú. Ìlà ilé ìgbẹ́ máa ń gùn, ọmọ ọdún mẹ́ta kò sì lè mú un mọ́ra.

Lórí ẹ̀rọ àti nínú omi

Ẹ wo ẹ̀rọ kan títí yóò fi yí tán lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbé ọmọ lé e. Ojú òṣìṣẹ́ ni kí ẹ máa wò: ṣé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa bẹ́líìtì kálukú wò kó tó tan iná? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó. Ẹ kọ́kọ́ gbé e gun jangílófà àti ẹṣin onígi aláyìípo kí ẹ tó dé ibi èyí tó ń lọ sókè. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ti kọ́kọ́ bà kò ní gun òmíràn mọ́. Ìdí hìjáàbù, ìborùn, okùn ọ̀rùn, ẹ ki gbogbo rẹ̀ bọ inú aṣọ, kí ẹ̀rọ má baà wé e. Bàtà onísàlúbàtà kò dára, ẹ lo sáńdàlì tó ní okùn lẹ́yìn, èyí tó ti mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bàtà ọdún tuntun á bó wọn lẹ́sẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá.

Nínú bouncing castle, ilé róbà aláfẹ́fẹ́ tí ọmọdé ń fò nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn kékeré àti àwọn ńlá jọ fò pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá balẹ̀ lé ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣẹ́ ẹ légungun. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ńlá sọ̀ kalẹ̀ ná. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ líle, ẹ kó gbogbo wọn jáde.

Ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Ojú àwọn èèyàn ló ti ń ṣẹlẹ̀, nínú omi tí kò ju àyà lọ, tí gbogbo wọn ń rò pé ó ń ṣeré ni. Nítorí náà, àgbà tí ó bá ń wo ọmọ nínú omi gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, fóònù rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Róbà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ọmọ lápá kò rọ́pò àgbà. Ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú omi tútù, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, ẹ sì máa fún un lómi mu kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́, torí òtútù àti òǹgbẹ máa ń mú kí ìrora àìsàn náà dìde.

Fún ọ̀rọ̀ owó, mo máa ń gé páálí kéékèèké, kálukú mẹ́rin. Ẹ̀rọ kan, páálí kan. Bó bá tán, ó tán nìyẹn, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ná an.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn pé ó ku ẹyọ kan. Ẹ ka orí ní géètì, ẹ tún kà á nínú ọkọ̀ kí dírẹ́bà tó ṣí i. Bí ẹ bá délé, ẹ má kàn tẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n sùn. Èyí tó bá mu omi nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ tẹ́tí sí èémí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá ń wúkọ́ tí kò dáwọ́ dúró, tó ń mí sókè-sódò, tàbí tó ń sùn lọ bí ẹni tí kò lágbára mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru yẹn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.