Bí a ṣe ń kọ́ olùkọ́ tuntun kó lè kọ́ ọmọdé ní Yorùbá kíkà

Èèyàn lè mọ Yorùbá sọ láti inú ilé, kó má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kó lè kà á. Ibí yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ti ń forí ṣánpọ́n ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n á kó álífábẹ́ẹ̀tì lé akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lọ́wọ́, òun náà á wọ kíláàsì CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á na ọ̀pá sí pátákó, á ní "a, b, d", àwọn ọmọ á sì máa gbè é bí ègbè orin. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, gbogbo kíláàsì ti mọ orin náà dunjú. Ẹ wá kọ "ilé" sílẹ̀ lásán, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ń ṣàlàyé níbí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lójúmọ́. Ẹ má gba ju akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ méjìlá lọ lẹ́ẹ̀kan, torí olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ níwájú yín, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí wọ́n bá pé ogún, ẹ pín wọn sí méjì.

Ohun èlò

Páálí bísíkíìtì tàbí ti ọṣẹ, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 10, inú rẹ̀ tí kò ní àwòrán ni kí ẹ kọ̀wé sí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 6, kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Káàdì aláràbarà tí wọ́n ń tà lọ́jà a máa dán gbinrin, oòrùn ojú fèrèsé kì í jẹ́ kí wọ́n ríran sí i. Owó dànù ni. Ẹ wá ekùrọ́ mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi ka sílébù. Tí síléètì kò bá tó, ẹ ki bébà funfun sínú ọ̀rá tó mọ́ kedere, ẹ fi bírò olómi kọ̀wé lé e, ẹ fi àkísà nù ún. Tí ìyẹn náà kò bá sí, àwo kan pẹ̀lú iyanrìn tí a ti kù dáadáa tó láti fi ìka kọ lẹ́tà. Iyanrìn tiẹ̀ dára ju síléètì lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, torí ìka ọmọ máa ń rántí ọ̀nà tó gbà.

Àkọtọ́ wo?

Ẹ pinnu èyí kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹfun. Álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè tí Benin fi lélẹ̀ ní 1975, tí wọ́n tún ṣe ní 1990, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Ìwé tó ń ti Nàìjíríà wọlé ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Ìwé méjèèjì ló wà lọ́jà wa, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni "ɛshin" àti "ẹṣin". Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè ka méjèèjì láìkọsẹ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni kí ọmọ CI rí lójú pátákó títí ọdún fi máa parí. Èyí tí ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà bá lò ni kí ẹ mú. Àṣìṣe tó burú jù ni kí olùkọ́ kọ ṣ lọ́jọ́ Ajé, kó kọ sh lọ́jọ́ Ẹtì nítorí pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ nìyẹn. Ti Nàìjíríà la lò níbí, kí ó lè rọrùn fún gbogbo ẹni tó bá kà á.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ tú Faransé kúrò lẹ́nu

Faransé ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ń kọ́ fi kọ́ ìwé kíkà. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, Yorùbá wọn mọ́ gaara. Kí wọ́n ṣáà ti rí i lórí bébà, ẹnu wọn á yà sí Faransé. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ogún kà sókè, ẹ fi "ìlú", "ojú", "ahọ́n", "irin", "gèlè" àti "pẹ́pẹ́yẹ" kún un. Ẹ máa gbọ́ "u" tí wọ́n ká ètè jọ fún bíi ti "tu" Faransé. "J" inú "ojú" á rí bíi ti "jour". "H" inú "ahọ́n" á pòórá. "In" inú "irin" á ya ẹnu sílẹ̀ bíi ti "vin", "gè" á di "jè", "p" á sì fúyẹ́ bíi ti "papa", bẹ́ẹ̀ "p" Yorùbá máa ń ti ẹ̀yìn ẹnu àti ètè jáde pọ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa wò ó sàn kò le. Ẹ ní kó pa ìwé dé, kó sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kó tún ṣí ìwé, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Ẹni tí kò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ má jẹ́ kó dé iwájú ọmọ, torí ọmọ ò ní mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Ohùn àti sílébù

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kánjú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kí ẹ fún un, kódà tí àwọn tí ẹ ń kọ́ bá ní ó ti yé àwọn. Kò tíì yé wọn.

Etí ló máa ń ṣáájú ojú. Kí wọ́n tó kọ àmì ohùn kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ètè dé, kí wọ́n fi imú hùn ọ̀rọ̀ náà. "Kọ́" ọmọ, "kọ" lẹ́tà, "kọ̀" jálẹ̀: kí ẹnì kan hùn ọ̀kan, kí àwọn yòókù sọ èyí tó jẹ́. Ohun tó dára jù fún ọmọdé ni ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n lè fọwọ́ kàn nínú kíláàsì. "Ọwọ́" àti "ọwọ̀" la fẹ́ràn jù. Olùkọ́ á hùn ún, ọmọ á na ọwọ́ sókè tàbí kó sáré lọ mú ọwọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ọkọ́" àti "ọkọ̀" náà dára, èèyàn lè yà wọ́n. Ẹ yéé lo "ọ̀kọ̀", ìlàjì ọmọ ìsinsìnyí ò rí ọ̀kọ̀ rí.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn lórí dò-re-mí, orúkọ tí a fi ń pe ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Ó wúlò fún olùkọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ tó bá gbé e dé iwájú ọmọ, orin ni yóò máa kọ. Á na ohùn òkè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ké, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní jọ èyí tí ọmọ ń gbọ́ nílé mọ́. Ẹ tún máa tẹ́tí sí olùkọ́ tó bá ń sọ pé "èyí ò ní ohùn" nípa ohùn àárín. Ohùn wà níbẹ̀, àmì ni kò sí. Ọmọ tó bá gba irọ́ yẹn gbọ́ á máa fo gbogbo fáwẹ̀lì tí kò ní àmì lórí.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a bá kọ ọ́ tán. Òfin tí ẹ máa fi lélẹ̀ nìyí: fáwẹ̀lì, àmì abẹ́ rẹ̀, àmì orí rẹ̀, kí ọwọ́ tó lọ sí lẹ́tà tó kàn. Ẹni tó bá kọ "owo" tán kó tó padà wá wá àmì, ó ti gbàgbé èwo nínú "owó", "òwò" àti "ọ̀wọ̀" ló fẹ́ kọ. Ẹ nu ọ̀rọ̀ náà, kó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bínú sí yín. Kò burú.

Lẹ́yìn èyí, sílébù. Oríṣi sílébù Yorùbá kò ju mẹ́ta lọ: fáwẹ̀lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, tàbí n tàbí m tó dá dúró. Nítorí náà, "bà-bá" ni kí olùkọ́ sọ, kó má sọ "b, a, bà, b, a, bá". Kíkó lẹ́tà jọ bẹ́ẹ̀ ń mú kí ọmọ gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó dé òpin. Kí wọ́n gbé ekùrọ́ kan kalẹ̀ fún sílébù kọ̀ọ̀kan. "Irin", méjì, ọ̀pọ̀ wọn á gbé mẹ́ta kalẹ̀ torí pé ojú wọn rí n níparí, bẹ́ẹ̀ n yẹn kàn ń mú fáwẹ̀lì gba imú ni. "Aláǹgbá", mẹ́rin, torí n tiẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá lè fi ekùrọ́ ya "irin" sọ́tọ̀ kúrò lára "aláǹgbá", ẹ má tíì jẹ́ kó tẹ̀ síwájú.

Ìdẹkùn méjì tún wà nínú gbólóhùn. Ti àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. "Ó tà á", ṣùgbọ́n "ó ta ata". Olùkọ́ kọ́ "tà" lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ "Bàbá ta ata" lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọmọ kan béèrè ibi tí àmì lọ, olùkọ́ dáké. Ìkejì ni pé ẹnu ń pa fáwẹ̀lì jẹ: "ní ọjà" lójú ìwé, "lọ́jà" lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹra fún méjèèjì nínú oṣù méjì àkọ́kọ́. Gbólóhùn bíi "Bàbá ti wá" kò ní ìdẹkùn kankan.

Lẹ́tà wo ló ṣáájú?

Ẹ gbàgbé a, b, d. Ọ̀sẹ̀ kìíní nínú kíláàsì, i, a, l àti b. Mẹ́rin yìí nìkan, ọmọ á ti ka "bàbá", "ilá", "ìlà", "àlá" àti "àbá" kó tó di ọjọ́ Ẹtì, á sì lọ fi han ará ilé. Ọ̀sẹ̀ kejì, e, t àti w: "ilé", "ata", "ewé", "ìwé". Mẹ́ta-mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kí ó máa lọ lẹ́yìn ìyẹn. B àti d kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú oṣù kan náà. E àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, sáàárín wọn.

Ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò, kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kọ ogún ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò náà sílẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Tí ọ̀rọ̀ Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ pé kò tọ́. Kí ó ní "bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é nílé, bí ìwé ṣe kọ ọ́ nìyí", kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n kà rọrùn. Mẹ́ta tó: ọ̀kan tí ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ìwé, ọ̀kan tí ọmọ ní láti so nǹkan méjì pọ̀ kó tó mọ̀, ọ̀kan láti inú orí ara rẹ̀. Àlọ́ apamọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ á tú ahọ́n wọn. Fiche kíkọ náà, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́, àwọn tó gba ENI (ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́) Àjàṣẹ́ kọjá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Ojú ewé kan ṣáà ni kó jẹ́.

Kí wọ́n kọ́ni níwájú yín

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ tọrọ ọmọ mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ máa kọ́ ara wọn bíi pé ọmọdé ni wọ́n. Àgbà kì í ṣe àṣìṣe tí ọmọ ń ṣe. Ìṣẹ́jú 15, lẹ́tà kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Kí ẹnì kan lára àwọn tó ń wò ya àwòrán bí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe jókòó, kó máa fa ìlà kan sí ìdí ọmọ nígbàkigbà tí ọmọ náà bá dá nìkan kà. Àkàpọ̀ kò ní ìlà. Àwòrán yẹn ni ẹ máa gbé sójú akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ nígbà tó bá parí. Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí àwọn tó wò sọ nǹkan méjì péré. Ọmọ tó jókòó lápá òsì ni kì í sábà ní ìlà, torí apá ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń dúró sí kí ara wọn má bàa bo pátákó.

Láti mọ̀ bóyá ọmọ ń kàwé ni àbí ó ń gbè, kí olùkọ́ nawọ́ sí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kó máa padà bọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Tábìlì "ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu" náà, láti àárín, láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe láti òkè rárá. Tàbí kó fi páálí bo sílébù àkọ́kọ́. Ẹni tó há a sórí á ṣì pe odidi ọ̀rọ̀ náà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní ọmọ tí kò rí rí àti ojú ewé tí kò kà rí, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Tí ọmọ náà bá ka ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta láìsí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ pè é, ó yege. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó padà sí ìdí ekùrọ́.