Láti Ojúde Ọba títí di oṣù kẹjọ láìmu ọtí

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó rí 158 lórí 96. Ó bi mí pé ìgò bíà mélòó ni mò ń mu lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún un tán, ó ní kí n fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, nítorí ọtí wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Mo gbà. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ka ohun tó wà níwájú: Iléyá, Ojúde Ọba, ìgbéyàwó mẹ́rin, àti ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà ooru ni àsìkò yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ń rọ̀, àmọ́ kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kànọ́pì kì í dúró.

Ìsìnkú yẹn ló kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣubú. Kì í ṣe pé bíà wù mí tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn jókòó lọ́wọ́ òfìfo ni. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti gbé ìgò wá síwájú mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Olóòkú fúnra rẹ̀ dìde wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ojú ń tì í. Mo mu ìgò kan kí ara lè tù ú. Nígbà tí mò ń lọ sílé ló yé mi pé kò sẹ́ni tó ní dandan kí n mutí. Ohun tí wọn kò lè fara dà ni kí àlejò wọn jókòó lásán.

Nítorí náà, ife tó kún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú mọ́ọ̀tì, àmọ́ ìgò méjì ti tó láti sú èèyàn, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀ jù fún ẹni tí dókítà ń ṣọ́. Sóbò ni mo wá dì mú. Mo ṣan òdòdó ìsápá dáadáa, mo sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo ti fọ̀ mọ́, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Mi ò fi ṣúgà sí i rárá. Mo rọ ọ́ sínú fláàsìkì ńlá pẹ̀lú yìnyín, mo sì mú ife onírin tèmi dání. Bí mo bá ti dé òde, kí n tó jókòó ni mo ti máa ń bu ún. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé ìgò síwájú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba ọdún yẹn, ọdún tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì. Láwọn ọdún tó ti kọjá, kí àwọn ìdílé Balógun tó gun ẹṣin kọjá, mo ti wà nídìí kúlà. Lọ́dún yẹn mo dúró. Mo rí bí ẹṣin ṣe ń jó sí ìlù, mo rí ọmọdékùnrin kan tí fìlà rẹ̀ bo ojú, tó sì di ìjánu mú ṣinṣin. Mo tún rántí pé àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ ń lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, láti dúpẹ́ pé ó fún wọn láyè ṣe ẹ̀sìn wọn. Àwọn tí kì í mutí ló dá ayẹyẹ yìí sílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ kànọ́pì rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa bára mu, ẹ̀gbọ́n kan ní ìgò kan ò lè pa mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu fún ìlera. Háà! Ogún ìṣẹ́jú la fi jiyàn. Láti ìgbà náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mò ń sọ: "Dókítà ló ní kí n sinmi." Wọ́n á ní Ọlọ́run á fún mi lálàáfíà, ọ̀rọ̀ á parí. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ọtí wúre, mo máa ń jẹ obì, mo sì ń ṣe àmín sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ara lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú èèyàn, ó lè la ẹ̀mí lọ.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ìfúnpá mi jẹ́ 136 lórí 84. Mo ń rìn láràárọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ọtí nìkan. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìgbéyàwó tó kẹ́yìn, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó di alẹ́, èmi nìkan ni ojú mi dá tó láti wa mọ́tò padà sí Ṣágámù, òjò sì ń rọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Mo gbé ènìyàn mẹ́ta, gbogbo wọn sùn. Ẹ̀gbọ́n tó bá mi jiyàn ló jókòó níwájú. Nígbà tí a dé ìkóríta Ìlíṣàn, ó jí, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ṣé nǹkan ṣì kù nínú fláàsìkì yẹn. Ó mu ún tán, ó wá bi mí bóyá ọ̀pẹ̀yìnbó ni mo fi sí i.