Èèyàn méjì wọlé, 360 jáde: bí mo ṣe tún ìṣirò ikọ́ fée mi ṣe

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìṣirò yìí fi dá mi lágara. Mo ń fi Excel wo bí ikọ́ fée ṣe ń ràn láàárín èèyàn 1,000 nígbà tí àwọn kan bá ń lo oògùn. Ọ̀nà Kermack àti McKendrick ti ọdún 1927 náà ni, èyí tó ń pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: àwọn tí àìsàn lè ràn, àwọn aláìsàn, àti àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kàn fi ọ̀wọ́ àwọn tó wà lórí oògùn kún un. (Mo mọ̀ pé ikọ́ fée máa ń sá pamọ́ sára kó tó yọjú. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀wọ́ oògùn di −358. Báwo ni iye èèyàn ṣe lè kéré ju òfo lọ?

Oògùn ikọ́ fée tó wọ́pọ̀ máa ń gba oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ọjọ́ 180. Èmi wá fi 180 sọ iye wọn di púpọ̀ dípò kí n fi pín in. Èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní 360 ti parí oògùn lójúmọ́ kan! Mo fi 180 pín 2, ó di nǹkan bí 0.011 lójúmọ́.

Iye tó kéré ju òfo yẹn lọ lóòótọ́, àmọ́ mo wá fi ìlà kan kún un tó ń ro gbogbo ọ̀wọ́ pọ̀ lójoojúmọ́. 1,000 ti di 1,003. Àṣé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, mo kọ wọ́n sí ọ̀wọ́ tuntun láì yọ wọ́n kúrò láàárín àwọn aláìsàn; ẹnì kan ń jókòó sórí àga méjì. Mo yọ wọ́n. Àròpọ̀ dúró sí 1,000 títí dé ọjọ́ 730.