Bí a ṣe gbé ilé wa láti Texas bọ̀ wá bá yìnyín Minnesota

Aago mẹ́ta òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ wa, ní Minneapolis. Èmi àti Ìyá Délé wà ní Mission, ní ìsàlẹ̀ Texas pátápátá, ìlú tó fẹ̀yìn ti odò Rio Grande, tí Mexico sì wà ní òdìkejì odò. Láti oṣù kọkànlá la ti wà níbẹ̀ nínú RV wa, ọkọ̀ tó ní ilé gbígbé lórí, láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń sá fún òtútù bíi tiwa. Winter Texans ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá. Àárín oṣù kẹrin la ní lọ́kàn láti padà, nígbà tí yìnyín òkè ọ̀hún bá ti yọ́ tán. Ìparí oṣù kẹta lọmọ dé.

Délé pè wá lórí fóònù: "Bàbá mi, ẹ kú oríire o. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin la ń retí o."

Ta ló máa sún ọjọ́ kẹjọ síwájú? Mo jókòó, mo ṣírò: nǹkan bíi máìlì 1,500 láti Mission dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Brooklyn Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Minneapolis. Bí a bá gbéra ní Ọjọ́bọ̀, tí a ń rin bíi 350 lójúmọ́, ọjọ́ Ajé ló yẹ kí a wọlé. Ìyá Délé ní kí a gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí a wọ bàálù. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Èmi ni mo kọ̀. Ọdún 22 ni mo fi wa bọ́ọ̀sì nínú yìnyín Minneapolis kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí ló tún kù lójú títì tí ojú mi ò tíì rí?

Ford E-450 ló wà nísàlẹ̀ RV wa, ilé ni wọ́n gbé lé e lẹ́yìn: ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28, ó ga ju 11 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gíga yẹn sọ́kàn.

Ní Ọjọ́rú mo wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí oòrùn tó yọ, torí táyà tó le dáadáa nínú ooru Texas á rọ̀ bí a bá ti ń wọ inú òtútù. Àràárọ̀ ni mo ń tún un wọ̀n títí a fi délé. Mo da táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà mo fi okùn di ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, èyí tí a máa ń nà síta fún ìbòji, mo dì í yí ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìjì bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ lójú títì, á tú u síta bí agboòrùn, á sì fà á ya mọ́ ara ọkọ̀. Ìyá Délé ní tirẹ̀ ra àpò ọsàn ńlá olómi pupa tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn, ó sì ra oyin ìgò kan lẹ́bàá ọ̀nà. "Oyin ìkómọ nìyẹn," ló wí, ó fi aṣọ wé e.

Dígíríì 88 ló wà ní òṣùwọ̀n Fahrenheit lọ́jọ́ tí a gbéra. Ní ojú ọ̀nà 281, kí a tó dé Falfurrias, gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sókè ló gbọ́dọ̀ dúró fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibodè gan-an ti wà lẹ́yìn tipẹ́. Ọmọkùnrin tó dá wa dúró béèrè ibi tí à ń lọ. Mo ní Minnesota. Ó wo ṣòkòtò péńpé mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ. Ní San Antonio la ti bọ́ sí I-35, a ò sì kúrò lórí rẹ̀ mọ́ títí a fi dé Minneapolis. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Austin, ẹni tó bá ti wakọ̀ l'Ékòó rí kò ní kà á sí. A sùn ní Georgetown. Lọ́jọ́ kejì a la Dallas kọjá, a dá Red River kọjá sí Oklahoma, a sùn ní Thackerville, ní ibùdó RV tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tẹ́tẹ́ ńlá WinStar. Díákónẹ́ẹ̀sì ni Ìyá Délé. Àmọ́ nígbà tó rí i pé ibẹ̀ mọ́ tónítóní, tí iná wà, tí omi gbígbóná wà, ohun tó sọ kò ju pé kí n má sọ fún pásítọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ tó le jù. Wọ́n ní òtútù Iowa máa bọ́ sí dígíríì 18 lóru. Omi tó bá dì nínú páìpù tín-ín-rín á wú, á sì bẹ́ ẹ. Nítorí náà, ibi tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kéèyàn ti dà á nù, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ ti ń kú. Láàárọ̀ Sátidé, mo pa ẹ̀rọ tó ń se omi, mo jẹ́ kó tutù, mo tú ìdérí rẹ̀, gálọ́ọ̀nù mẹ́fà dà sílẹ̀. Mo ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé. Mo fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù, n kò jẹ́ kó kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ (psi), torí agbára tó bá pọ̀ jù lè já ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Mo wá yí ọ̀nà padà kí omi má gba inú ẹ̀rọ ìsemi mọ́, mo sì ki ọ̀pá pọ́ǹpù bọ inú gálọ́ọ̀nù omi píǹkì tí kì í dì, èyí tí mo ti rà láti Minnesota kí a tó kúrò nílé. Kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì o! Ti ẹ́ńjìnnì, májèlé ni. Ẹ̀rọ omi kan sí òmíràn, ìhà gbígbóná, ìhà tútù, títí píǹkì fi jáde. Ilé ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì da ife kọ̀ọ̀kan sínú ihò ìṣàn omi. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ló gbà. Láti ìgbà yẹn, omi inú ike là ń mu, omi inú kẹ́tùrù là ń bù wẹ̀ nínú báàsì, bí a ṣe ń wẹ̀ nílé bàbá mi ní Ìkìrun. Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ pé.

Aago mẹ́wàá la tó kúrò. Ní Oklahoma City, afẹ́fẹ́ ti ń fi ọwọ́ tì wá láti apá òsì. Nígbà tí a kọjá Wichita, ó ti di ìjì. Òkè koríko ni ìhà ibẹ̀, Flint Hills ni wọ́n ń pè é: òkúta wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ohun ìtúlẹ̀ tú u, kò sí igi, kò sí ilé tó lè bá èèyàn dá afẹ́fẹ́ dúró. Pátákó iná lójú ọ̀nà ń kìlọ̀ fún gbogbo ọkọ̀ gíga. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ìlú kò kọ́ mi ní nǹkan kan nípa èyí. Àárín ilé gogoro ni bọ́ọ̀sì ń rìn, ó sì wúwo. Pákó ni tèmi, tí wọ́n fi ike bò.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí máìlì 45 ní wákàtí. Mo di sítíárìn mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo fà á sí òsì díẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà. Tírélà tó bá ń yá wa kọjá á kọ́kọ́ fà wá mọ́ra, lẹ́yìn náà á tì wá dànù. Ṣùgbọ́n abẹ́ afárá ló bà mí lẹ́rù jù lọ. Bí a bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Sítíárìn tí mo ti fà sí òsì á wá gbé wa lọ sí òsì lóòótọ́, sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Kí n tó tún un ṣe, a ti jáde, ìjì á sì tún gbá wa létí. Ẹ̀ẹ̀kejì tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo kọ́ láti dẹ ọwọ́ díẹ̀ kí n tó wọ abẹ́ afárá.

Ibi ìsinmi Matfield Green wà láàárín ọ̀nà méjèèjì lórí òpópónà yẹn, èyí tí wọ́n ń sanwó gbà. Mo yà síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà ti tò síbẹ̀ bí màlúù tó rí òjò. Mo kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí ìjì ti ń bọ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì. Láti El Dorado ni Ìyá Délé ò ti sọ̀rọ̀. Ó wá ní: "Bàbá Délé, ẹ̀yin lẹ bí Délé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí afẹ́fẹ́."

A sùn síbẹ̀. Ilé ń mì lẹgbẹ lẹgbẹ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí.

Ọjọ́ Àìkú dára. Oòrùn yọ, Kansas City kọjá, Missouri kọjá, a sùn ní Ankeny lókè Des Moines. Máìlì 245 péré ló kù. Mo pe Délé pé kó ṣí gèéètì sílẹ̀ dè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ Ajé mo wo máàpù 511, èyí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí. Apá òkè Iowa pupa. Wọ́n ní òjò tó ń dì ló ń bọ̀, yìnyín á tẹ̀lé e. Mo rò pé a lè sáré ṣíwájú rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ames, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta wínníwínní, títì ń dán bí ìgbà tí òjò lásán rọ̀. Ohun tó ta mí jí ni táyà ọkọ̀ tó wà níwájú: ó ti ń ta omi sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ó dédé dáwọ́ dúró. Títì tutù ní ojú, táyà ò ta omi: omi yẹn ti di gíláàsì nìyẹn. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́ mi, yìnyín ti bo apá rẹ̀ tó nípọn bí ìka.

Mo pa bọ́tìnì tó ń bá awakọ̀ di eré mú. N kò fẹsẹ̀ kan búrẹ́kì, mo kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, mo sì já gíà sísàlẹ̀. Lórí afárá, níbi tí òtútù ti ń gba òkè gba ìsàlẹ̀, ìdí ọkọ̀ yọ̀ lọ sápá ọ̀tún. Jẹ́jẹ́ ni mo tẹ̀lé e. Ó padà. Ìyá Délé ń ka Sáàmù 121, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Lẹ́yìn Clear Lake, yìnyín gidi dé, kì í bọ́ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló gbà ń fẹ́ bọ̀. Ìrìn 25 là ń rìn. Mo ka ọkọ̀ mọ́kànlá nínú kòtò kí n tó ṣíwọ́ kíkà.

A dé Northwood, máìlì bíi márùn-ún sí ibodè Minnesota, mo sì rí i lórí fóònù pé Minnesota ti ní kí ẹnikẹ́ni má rìn ní ìhà ibodè. Ilé tẹ́tẹ́ kan tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú ààyè ọkọ̀ gbalasa. Díákónẹ́ẹ̀sì wò mí, èmi náà wò ó.

A ò na yàrá ẹ̀gbẹ́ RV síta, torí bí yìnyín bá dì lé orí rẹ̀, kò ní ṣeé tì wọlé mọ́. Gáàsì ló ń mú hítà gbóná, bátìrì ló sì ń yí fáànù rẹ̀. Aago mẹ́ta òru, bátìrì kú. Mo ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ti di ihò èéfín rẹ̀ pa. Bí mo bá tan án bẹ́ẹ̀, èéfín á wọlé, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò lóòórùn, oorun tí a ó sùn ò ní ní jíjí. N kò ní ṣọ́bìrì, ó wà nínú gáréèjì nílé. Báàsì ìwẹ̀ ni mo fi kó yìnyín kúrò títí ilẹ̀ fi hàn. A tan án fún wákàtí méjì, a pa á, ẹnì kan ń sùn, ẹnì kan ń ṣọ́ ihò náà.

Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkómọ, àwa sì ń bá wọn ṣe é lórí fóònù. Mo fi fóònù ti ara ọsàn Texas kó lè nàró. Mo wọ agbádá lórí ṣòkòtò òtútù. Mo gbàdúrà, mo sọ ọ́ ní Adéọlá. Ìyá Délé sọ ọ́ ní Oyinkánsọ́lá. Ó jọ pé láti ìgbà tó ti ra oyin ló ti ní i lẹ́nu. Àna wa kan láti ẹ̀yìn yàrá ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Abíọ́nà. "Ṣé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí ọmọ mi sí ni?" Ìyá Délé dá a lóhùn, gbogbo ilé sì pariwo ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ jẹun. Àwa jẹ búrẹ́dì àti ẹyin.

Ọjọ́rú ni wọ́n la ọ̀nà. Máìlì 125 gbà wá ní wákàtí mẹ́rin. Yìnyín ẹnu ọ̀nà ilé wa dé orúnkún, Délé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kó o bí a ṣe ń dé. Ìyá Délé kò dúró kí n gbé ọkọ̀ síbi tó yẹ, ó ti wọlé pẹ̀lú ìgò oyin. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó Délé. Ó rọra ní oyin kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ìyá ọmọ ló bá wa lá a.

Ìparí oṣù kẹrin ni mo da omi padà sínú táńkì. Mo tan pọ́ǹpù, omi ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀ bí odò. Ẹ̀rọ ìwẹ̀ kékeré kan wà ní ìta RV, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan, tí a fi ń fọ ẹsẹ̀. Òun nìkan ni mo gbàgbé láti kó píǹkì sí ní Oklahoma, ó sì ti bẹ́ sí méjì. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, tí Ìyá Délé ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, bí aboyún bá wà nínú ilé, òun ò ní kúrò ní Minnesota.